Asọ̀rọ̀mágbèsì inú kíláàsì: bí mo ṣe ń fi pọ́díkáàsì kéékèèké kọ́ ọmọ ní Sífíìkì

Oṣù Kejìlá 2024

Lọ́jọ́ tí mo máàkì ìdánwò táàmù kìíní tán, inú ń bí mi, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ 64 ló wà ní SS1 tí mo ń kọ́ ní Sífíìkì, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ẹ̀tọ́ ará ìlú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí èyí tí kò kọ ohun tí A. V. Dicey, amòfin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ, pé kò sí olówó, kò sí tálákà, kò sẹ́ni tó ga ju òfin lọ. Wọ́n tún kọ 1885, ọdún tí ìwé rẹ̀ jáde, sí i lára bí ẹni tó ń kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ kíláàsì, mo nawọ́ sí fèrèsé, mo ní, "Gọ́tà ẹ̀yìn ọgbà yìí, tó ń rùn dé orí àga yín, ta ni òfin gbé kíkó rẹ̀ lé lọ́wọ́?"

Ẹnu wọn wọhò. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní Gómìnà ni. Ẹlòmíì ní Ààrẹ. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá ní, "Àwọn tó ń ti ọmọlanke ni, Máà," gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi, torí pé ohun tí ọmọ náà ń fojú rí lójoojúmọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àpótí redifúṣọ̀n bàbá mi àgbà. Pákó ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, wáyà ló ń gbé ohùn wọ inú rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1935, kó tó dé Ìbàdàn níbí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ṣùgbọ́n bàbá kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ó ní ìròyìn inú rẹ̀ lòun fi mọ ohun tí ìjọba ń ṣe, òun tí òun ò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Asọ̀rọ̀mágbèsì lorúkọ tí wọ́n ń pè é.

Mo ní tí àpótí bá lè kọ́ bàbá mi àgbà, kó kọ́ àwọn ọmọ yìí náà. Máa sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin di ìtàn kéékèèké lédè Yorùbá, máa gbà á sílẹ̀, máa gbé e sí wọn létí. Pọ́díkáàsì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ báyìí. Márùn-ún ni mo pinnu láti ṣe kó tó di ọdún Àjíǹde. Kò sówó fún un. Fóònù mi ni máa fi gba ohùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò mi, tí lẹ́tà "e" ti kúrò lójú rẹ̀, ni máa fi gé e. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń gé ohùn, ti wà nínú rẹ̀. Sípíkà kan tí kò ju agolo mílíìkì lọ ni máa fi gbé e jáde.

Oṣù Kìíní 2025, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá

Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 ni mo gbé kalẹ̀ fún apá kìíní. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkọ orúkọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú sílẹ̀, sísọ òpópónà lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé, kíkó ìdọ̀tí. Ìlà kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an, tó ní àwọn ni kó máa fún kẹ̀kẹ́ ológere, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Àwọn tó jókòó kọ ìwé òfin gbogbo Nàìjíríà rántí bárò!

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú apá kan ṣoṣo. Mo fi iye ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà kún un, 774, ìyẹn 768 tí ìwé òfin dárúkọ àti 6 ti Àbújá. Mo fi 33 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kún un, mo fi 11 tó wà ní Ìbàdàn kún un. Mo fi ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 2024 kún un, pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Mo tún mẹ́nu ba omíyalé Ògùnpa ti 1980 àti ti Oṣù Kẹjọ 2011, torí pé odò tí ìdọ̀tí dí lọ́nà kì í bèèrè ọ̀nà míì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú 14. Mo gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà, orí mi wú.

Nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó pé márùn-ún, ìlà ẹ̀yìn ti ń fi bírò gún ara wọn níhà. Kí n tó dé orí 774, ọmọ kan ti forí lé tábìlì, itọ́ ti ń rin ìwé rẹ̀. Nígbà tó parí, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́. Ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú ní, "Máà, ohùn yín dùn." Àwọn tó wà lẹ́yìn ní wùnùwùnù nìkan làwọn ń gbọ́.

Àléébù méjì ni mo kọ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà: ó gùn jù, kò sì dún tó. Ẹ̀kẹta wà tó burú ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i.

Inú Micra

Ilé wa kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń gba ohùn sílẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò ń ké. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta á gbà á. Mo ní kí n máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Àkùkọ ń kọ, mọ́sálásí ń pe ìrun, ìjọ tó wà lójúde wa ń lu agogo. Mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín aṣọ, ó dára díẹ̀, àfi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún "kìín" nígbàkígbà tí mo bá mí.

Àbúrò mi ló yọ mí. Micra ló fi ń ṣe kabúkábú, òun ló ní kí n lọ jókòó sínú ọkọ̀ bó bá ti gbé e wọlé lálẹ́. Mo wọ ẹ̀yìn, mo wé gbogbo gíláàsì sókè, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo iwájú níbi tó le bí ike. Ìjókòó ọkọ̀ ń mu ohùn, kì í jẹ́ kó ta padà bí ògiri ṣe ń ta á. Ohùn tó jáde níbẹ̀ fi ọ̀nà jíjìn dára ju ti pálọ̀ lọ. Ooru ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó lè lo ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ nínú Micra tí wọ́n ti tì pa. Òógùn ló gé ọ̀rọ̀ mi kúrú, kì í ṣe ọgbọ́n olùkọ́. Apá kejì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo yọ kúrò.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀: kí o tó la ẹnu, jẹ́ kí fóònù gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni wàá fi han Audacity pé, "Ariwo tí mo fẹ́ kí o yọ nìyí." Lẹ́yìn náà, gé gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 100 Hz kúrò, ìyẹn àwọn ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú híhùn jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ohùn obìnrin kì í sì í sábà sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Má yọ ariwo àyọjù o. Mo yọ ọ́ àyọjù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn mi wá dà bíi ti ẹni tó kó orí sínú ìkòkò omi, "s" àti "ṣ" di ọ̀kan náà. Àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀.

Ìwọ̀n fáìlì ló gba àkókò mi jù. Ní 128 kbps tí mo kọ́kọ́ lò, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ìṣẹ́jú àáyá kan ohùn ń gbà, ìṣẹ́jú mẹ́rin ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 4. Mo sọ ọ́ di mono, ìyẹn ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo, mo mú un wá sí 32, ó di kílóbáìtì 960. Orin ò ní dùn létí ní 32, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ń yéni. Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ ọ ni pé ilé ẹ̀kọ́ wa kò gbà kí ọmọ mú fóònù wá. Ilé ni wọ́n ti lè tún un gbọ́, fóònù tó sì wà nílé ọ̀pọ̀ wọn ni kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀. Mo kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí àwọn òbí bí ohùn WhatsApp. Èyí tí wọ́n gbé sórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì kò ṣí, torí pé irú fáìlì kan tó ń jẹ́ Opus ni WhatsApp fi ń di ohùn, àwọn fóònù kékeré yẹn ò sì mọ̀ ọ́n. MP3 ni tiwọn. Ọmọkùnrin kan tó ń da orin sí mẹ́mórì fún àwọn èèyàn lẹ́nu ọjà gbà láti máa da á fún àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní Sífíìkì ni òun fi fèèlì WAEC.

Àpótí

Sípíkà agolo mílíìkì kò lè bo ọmọ 64. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá tó ń tún rédíò ṣe nítòsí wa.

"Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ewo ló tún kú?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ kí n ṣe tìránsímítà kékeré kan fún yín. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á máa gbọ́ yín lórí FM, títí kan ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣẹ̀wọ̀n ni?"

Kì í ṣe àwàdà. Abala 39 ìwé òfin, èyí tó fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn wa, òun náà ló ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ilé iṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ àfi ìjọba àti ẹni tí Ààrẹ bá yọ̀ǹda fún. NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé apá kan ṣì máa jáde lórí abala yìí. Kò ní dáa kí olùkọ́ Sífíìkì máa sá fún NBC.

Àpótí la wá kàn. Bátìrì 12V, 7Ah, inú UPS kan tó ti kú la ti yọ ọ́. Sípíkà ọkọ̀ méjì tí wọ́n ti lò rí, ínṣì mẹ́fà, àti bọ́ọ̀dù ampilifáyà kékeré kan ni mo rà ní Dùgbẹ̀. Káfíńtà fi pátákó tábìlì tó ti fọ́ ní sítọ́ọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ara rẹ̀, ó fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ó ṣe ọwọ́ ìmú sí i lórí bíi ti kéègì kó lè ṣe é gbé.

Ibi tí mo ti ṣi iṣẹ́ ṣe nìyí. Wáyà aláwọ̀ méjì ti tán níbi tí mo ti rà á, mo bá ra dúdú méjèèjì. Ní yàrá olùkọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ fi ṣe àkọ́kọ́, mo fi ẹsẹ̀ bátìrì síra wọn lódìkejì. Ó dún "pà!" Èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yọ láti ojú sípíkà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fa sìgá jẹ́jẹ́. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Olùkọ́ Ìṣirò gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ṣé apá tuntun nìyẹn?"

Bàbá tú u, ó gbé bọ́ọ̀dù sójú oòrùn, ó fi ìka kan ohun dúdú kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ́ bí ẹ̀wà tí wọ́n sè jù. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn. Òmíràn ni mo rà. Ó jó fíúùsì 5A mọ́ ẹsẹ̀ pósítíìfù, ó jó dáyódù kan tẹ̀lé e, ó ní ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀kan nínú wáyà dúdú méjèèjì, ó ta kókó sí i. "Èyí tó bá ní kókó ni pósítíìfù. Bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ ṣú, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n." Mo ti ta kókó sí gbogbo wáyà ilé mi láti ọjọ́ náà.

Àìsàn kékeré kan ṣẹ́kù: bí mo bá ń cháàjì fóònù lọ́wọ́ nígbà tó ń kọrin sínú àpótí, híhùn kan á máa bá a lọ lábẹ́lẹ̀. Cháàjà ló fà á. Mo yọ cháàjà, ó tán.

Mi ò gbé àpótí náà síwájú mọ́. Mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì láàárín kíláàsì, kí ìlà ẹ̀yìn lè gbọ́. Àwọn ọmọ yí àga wọn padà fúnra wọn, wọ́n kọjú sí i, ìyẹn ni pé wọ́n kọjú síra wọn.

Oṣù Kejì, ogún ìṣẹ́jú àáyá

Apá kejì dá lórí abala 35. Ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń ta àpò fóònù ni mo fi gbé e, tí ọlọ́pàá mú níbi tó ti ń ná ọjà. Òfin ní ẹni tí wọ́n bá mú lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn láti bá sọ̀rọ̀. Kí wákàtí 24 tó kọjá, kí wọ́n ti kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, kí ọjọ́ kan má kọjá kí wọ́n tó gbé e débẹ̀.

Ó dún dáadáa. Gbogbo wọn gbọ́. Ó parí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. Ìgbà yẹn ni àléébù kẹta tó hàn sí mi: asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá mi àgbà ni mo tún kàn, mo wá ki bátìrì sí i nínú.

Mo padà sínú Audacity. Lẹ́yìn ibi tí ọlọ́pàá ti fa ọmọkùnrin náà lápá, mo fi ìbéèrè kan sí i: "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa kọ́kọ́ sọ?" Mo wá fi ààyè òfìfo ìṣẹ́jú àáyá ogún tẹ̀lé e, kí ìtàn tó máa lọ. Èèyàn lè ní ṣebí mo kàn lè fọwọ́ dá fóònù dúró. Mo gbìyànjú rẹ̀. Bí mo bá ti nawọ́ sí fóònù, èmi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń dúró de ìdáhùn lẹ́nu mi. Bí àpótí bá dákẹ́ fúnra rẹ̀, ara wọn ni wọ́n ń wò. Ogún tún ni ìwọ̀n tó tọ́. Mẹ́wàá kéré, ẹni tó bá ń tijú kò tíì gbọ́kàn. Ọgbọ̀n pọ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré.

Igbákejì Ọ̀gá ń kọjá lọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó báyìí. Ó yà wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ tí àpótí béèrè ìbéèrè, ó sì gbọ́ tó dákẹ́. Ó wo ojú mi. Mo rọra ṣẹ́jú sí i pé kò sí nǹkan. Kò yé e. Ó rìn lọ bá àpótí, ó gbá a lórí gbàmù, bí wọ́n ṣe máa ń gbá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Bọ́wọ́ rẹ̀ ṣe kàn án báyìí ni ohùn mi jáde: "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká gbọ́." Kíláàsì tú ká. Ó rẹ́rìn-ín náà, ó fọwọ́ gbọn kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí sẹ́yìn, ó ní, "Ó dáa o, Tíṣà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń bèèrè." Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, orúkọ mẹ́ta tí wọ́n máa bá pàdé nínú ìdánwò, tí mo pè lẹ́tà-lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló ń kádìí apá kọ̀ọ̀kan.

Nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá yẹn náà ni ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ti gbọ́wọ́ sókè. "Máà, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lédè tó gbọ́. Màmá mi ń gbọ́ Yorùbá, wọn ò kàn mọ̀wé ni. Tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n mú ńkọ́?"

Mi ò ní èsì. Mo ní kó tún un sọ sínú fóònù mi, ohùn rẹ̀ ni mo sì fi ṣí apá kẹta. Lọ́yà kan ládùúgbò bá mi wo abala 36: ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, kí wọ́n tètè sọ ẹ̀sùn náà fún un lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ní èdè tó yé e. Bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́ ní kóòtù, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà fún un láìsan kọ́bọ̀. Mo sọ fún wọn pé èyí kò dáhùn ìbéèrè ọmọ náà tán, torí ti kóòtù ni, òun ń béèrè ti àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n jà lé e lórí títí agogo fi lù.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ló gbé wa dé abala 55, tó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ilé aṣòfin Àbújá máa sọ, kí wọ́n sì máa sọ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó péye bá ti wà fún un. Abala 97 náà gba àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì bí ilé bá fọwọ́ sí i. Ọmọ kan ní, "Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń jẹ yín níyà tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá sọ Yorùbá ní kíláàsì?" Mo ní kó jókòó.

Oṣù Kẹta, òjò

Apá kẹrin kò ní ìtàn púpọ̀. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 Oṣù Karùn-ún 2018 ni, èyí tó mú ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ díje sílé aṣojú-ṣòfin àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wá láti 30 sí 25, tó sì mú ti Ààrẹ wá láti 40 sí 35. Iṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ṣírò pé ó ku ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí mo tan àpótí ní kíláàsì kejì, SS1B, òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ni lábẹ́ pánù mọ ohun tí mò ń sọ. Mo yí ohùn sókè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ pa á. Ọmọkùnrin kan ní, "Máà, mo ti gbọ́ ọ nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́." Ó gun orí bẹ́ǹṣì níbi tí àpótí wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu, ó ń pariwo ìtàn náà láàárín òjò. Ó fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kún un, ẹni tó ní bí ọmọ ọdún 25 bá fẹ́ díje, ta ló máa ra fọ́ọ̀mù fún un? Kò sí ìyẹn nínú tèmi. Ìbéèrè owó fọ́ọ̀mù yẹn ló gba kíláàsì, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mọ́.

Mo kọ sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà: kò pọn dandan kí àpótí sọ̀rọ̀ kí apá kan tó wáyé. Mo tún kọ ọ́ sí i pé kí n ra rọ́bà tí máa fi bo àpótí, torí ilé ń jò sí i lórí.

Oṣù Kẹrin, ọmọlanke

Apá karùn-ún, àwọn ló fẹ́ ṣe é. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lóṣù Kejìlá ló rántí ìlà tó wà nínú apá kìíní tí mo rò pé wọ́n sùn lọ nígbà tí mò ń kà á: ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún ọmọlanke níwèé àṣẹ. Ó ní kí a lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in.

Igbákejì Ọ̀gá yọ̀ǹda, a jẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú èmi. Mo fi áńkáṣífù wé ẹnu fóònù kí atẹ́gùn má baà máa fẹ́ sínú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnu ọjà, bàbá kan dúró ti ọmọlanke rẹ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ kú u. Ẹrù dà?"

Ọmọ náà ní àwọn ò ní ẹrù, ìbéèrè làwọn ní. Ṣé Bàbá ní ìwé àṣẹ fún ọmọlanke yìí?

"Ìwé wo? Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ní." Ó yí fìlà padà, ó fi ìka méjì fa tíkẹ́ẹ̀tì kan yọ láti inú ìpàdé aṣọ rẹ̀. Òógùn ti rin ín, ó ti rọ̀ bí ewé mọ́ínmọ́ín. Owó wà lára rẹ̀, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ta ló tẹ̀ ẹ́? Kò sí orúkọ káńsù níbí."

"Ẹni tó ń gba owó ló fún mi."

"Ta lẹni tó ń gba owó?"

Bàbá wò wọ́n, ó wò mí, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dá a padà sínú fìlà. "Tíṣà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí dáadáa o. Ẹ ṣáà rọra kọ́ wọn."

Wọ́n jiyàn láti ẹnu ọjà dé ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan ní ayédèrú ni. Ọ̀kan ní káńsù lè gba ẹlòmíì síṣẹ́ kó máa bá wọn gbà á. Ẹ̀kẹta ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí orúkọ wà lára rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà lọ sí káńsù, ojú ìwé kan, ìbéèrè méjì. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa, wọ́n ní ká máa retí.

Mo ti gé apá karùn-ún náà tán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó dín díẹ̀, kílóbáìtì 930. Ohùn bàbá ọmọlanke mọ́ gaara, ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò yọ ọ́. Ó parí sórí lẹ́tà tí ọmọ ẹ̀yìn yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ kà. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ káńsù. Mo fi ìṣẹ́jú àáyá ogún sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀.